Gíláàsì Ẹ̀yìn Píkọ́ọ̀pù Ń Jò: Bí Ẹ Ṣe Máa Rí Ibi Tómi Ń Gbà Wọlé àti Bí Ẹ Ṣe Máa Dí I

Láti ìgbà tójò ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìkòròdú lọ́dún yìí, ìbéèrè kan náà ni àwọn onípíkọ́ọ̀pù ń bi mí, ì báà jẹ́ ní Sábó tàbí lójú ọ̀nà Odógunyàn: "Ẹ̀gbọ́n, kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn ọkọ̀ mi rin gbindin, inú ọkọ̀ ti ń rùn. Gíláàsì ẹ̀yìn ló ń jò. Gọ́ọ̀mù wo ni kí n rà?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má tíì ra gọ́ọ̀mù. Ibi tẹ́ ẹ ti rí omi lè má jẹ́ ibi tómi ti wọlé rárá. Omi lè gba òkè orí ọkọ̀ wọlé, kó rọra tẹ̀lé ẹ̀yìn aṣọ òrùlé, kó wá yọ ní igun gíláàsì nísàlẹ̀, ẹ̀yin á sì máa bá gíláàsì tí kò ṣẹ̀ yín jà.

Èmi náà ti jẹ nínú ìyà yìí. Mo gbé píkọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ mi, èyí tí mo fi ń kó ẹrù láti Imọta wá sọ́jà, lọ bá oníwíńsíkírìnì kan. Kò wo inú ọkọ̀, kò da omi sí i. Ó fa sílíkóónì yí gíláàsì ká, ó gbowó. Òjò kejì rọ̀, omi tún ti dúró síbi tí jáàkì máa ń wà lẹ́yìn àga. Ó tún fa òmíràn lé e lórí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo sanwó. Ọmọ rewáyà kan ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ tó wá pààrọ̀ gílóòbù iná bíréèkì tó wà lókè gíláàsì. Ó yọ iná náà, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ wá wo nǹkan." Fóòmù pẹlẹbẹ tó wà láàárín iná yẹn àti páànù ọkọ̀ ti jẹrà, ó ń rún sí i lọ́wọ́ bíi búrẹ́dì àná. Lábẹ́ rẹ̀, ìlà pupa kan, erùpẹ̀ ilẹ̀ wa níhìn-ín gan-an, ti ṣàn wọnú lọ. Gíláàsì mi kò jò rí. Fóòmù tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ ló ń fìyà jẹ mí, ọjọ́ méjì gbáko ni mo sì fi ha sílíkóónì kúrò.

## Àwọn ibi tómi sábà máa ń gbà wọlé

Mo fi èyí tó wọ́pọ̀, tó sì rọrùn láti tún ṣe, ṣíwájú. Bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe yẹ̀ ẹ́ wò.

1. Iná bíréèkì tó wà lókè gíláàsì. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, iná tó ń tàn sí ibi ẹrù wà pa pọ̀ mọ́ ọn.
2. Gíláàsì tó ń ṣí láàárín: àwọn ihò kéékèèké tómi ń gbà jáde nísàlẹ̀ ojú irin rẹ̀ ti dí.
3. Rọ́bà tó yí gíláàsì ká ti le, ti sún kì, tàbí ti là ní igun.
4. Gọ́ọ̀mù tó di gíláàsì mú ti ṣí níbì kan, pàápàá bí wọ́n bá ti pààrọ̀ gíláàsì náà rí.
5. Ìpẹtà ti jẹ páànù lábẹ́ rọ́bà tàbí lábẹ́ gọ́ọ̀mù.
6. Ibi tí kì í ṣe gíláàsì rárá: ojú ìsopọ̀ páànù lórí ọkọ̀, ìdí ẹ̀ríà, rọ́bà ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, àti ihò atẹ́gùn tó wà lára ògiri ọkọ̀ lẹ́yìn àga.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kó búlọ́ọ̀kù àti yanrìn, ẹ fojú sí ìkẹrin dáadáa. Bí ẹrù wúwo bá wà lẹ́yìn, tí ọkọ̀ sì ń bọ́ sí kòtò kan yọ nínú òmíràn, ara ọkọ̀ máa ń lọ́, gọ́ọ̀mù tó ti gbó á sì ṣí.

## Ohun tẹ́ ẹ máa nílò

Fún àyẹ̀wò:

- họ́ọ̀sì omi, tàbí ike ńlá tẹ́ ẹ lu ihò sí ìdérí rẹ̀
- tọ́ọ̀ṣì
- tíṣù, sẹ́lótéèpù, àti páúdà ọmọdé
- ẹnì kan tó máa jókòó sínú ọkọ̀, tí kò ní máa tẹ fóònù

Fún àtúnṣe (ẹ ṣe àyẹ̀wò tán kẹ́ ẹ tó ra ìwọ̀nyí):

- sukudíráfà, àti káàdì ATM tó ti kú fún gbígbé ohun tó lẹ̀
- sípírítì àti àkísà mímọ́
- tépù pépà tí àwọn apẹ́ńtì ń lò
- gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun (fóòmù tàbí rọ́bà pẹlẹbẹ tó ń dí àárín iná àti páànù), tàbí butyl, ìyẹn gọ́ọ̀mù dúdú rírọ̀ bí amọ̀ tí wọ́n ká bíi tépù
- ìbọ̀wọ́ àti awò tó bo ojú

Bí ẹ bá ń lọ sí Ládìpọ̀ ní Mushin lọ ra gásíkẹ́ẹ̀tì tàbí rọ́bà, ẹ mú ti àtijọ́ dání. Ẹ má fi ẹnu ṣàpèjúwe rẹ̀. Ọkọ̀ kan náà, ọdún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, rọ́bà wọn lè má bára mu.

## Ẹ wá ibi tó ti ń jò

Ẹ má fi iṣẹ́ yìí kánjú. Bí ẹ bá fi wákàtí kan ṣe é dáadáa, ó lè gbà yín lọ́wọ́ ìnáwó oṣù mẹ́ta.

1. Ẹ nu inú ọkọ̀ gbẹ. Ẹ yọ àga ẹ̀yìn tàbí kẹ́ ẹ dojú rẹ̀ dé síwájú, kẹ́ ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, kẹ́ ẹ sì yọ ike tó bo ògiri ẹ̀yìn bí ó bá rọrùn láti yọ. Ẹ gbọ́dọ̀ rí páànù lójú kòrókòró.
2. Ẹ ya tíṣù sí wẹ́wẹ́, kẹ́ ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ sí igun gíláàsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, sábẹ́ iná bíréèkì òkè, àti sí ẹ̀gbẹ́ ihò atẹ́gùn. Bí omi kín-ín-rín bá kàn án, àwọ̀ rẹ̀ á yí padà lójú ẹsẹ̀.
3. Ẹ gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ pa á. Kí olùrànlọ́wọ́ yín wọlé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kó ti gbogbo ilẹ̀kùn.
4. Ẹ da omi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí òjò ṣe ń rọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ gíláàsì. Ẹ dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 kẹ́ ẹ tó gòkè sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ìṣẹ́jú 5 mìíràn. Ẹ̀gbẹ́ òsì. Lẹ́yìn náà, etí òkè gíláàsì. Lẹ́yìn ìyẹn, iná bíréèkì. Orí ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ fi kádìí rẹ̀.
5. Bí tíṣù kan bá tutù, kí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ pariwo. Ẹ dá omi dúró, ẹ fi tépù sàmì síbi tẹ́ ẹ ń da omi sí níta àti ibi tó ti yọ nínú.
6. Ẹ nu ún gbẹ, ẹ pààrọ̀ tíṣù, ẹ tún da omi síbi kan náà. Bí ó bá tún jò, ọwọ́ yín ti tẹ̀ ẹ́.
7. Ẹ má dúró síbẹ̀. Ẹ dán àwọn ibi tó kù wò, torí ọkọ̀ kan lè máa jò níbi méjì.

Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ ti ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni pé omi kì í gòkè. Bí ẹ bá ti òkè dà á, ó máa ṣàn kọjá gbogbo ibi tó lè jò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ ò sì ní mọ èyí tó gbà á wọlé.

Ẹ má lo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ ọkọ̀. Agbára rẹ̀ lè ti omi gba ibi tójò kò lè gbà láéláé.

### Bí gbogbo tíṣù bá gbẹ síbẹ̀

Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó dagun, kí imú rẹ̀ wà lókè, kí omi orí ọkọ̀ lè máa ṣàn wá sẹ́yìn. Ẹ tún un dà. Ọkọ̀ tó ń jò kìkì bí wọ́n bá páàkì rẹ̀ sójú àgbàlá tó dagun wà, mo ti rí i.

Ọ̀nà páúdà: ẹ bu páúdà ọmọdé díẹ̀ sí páànù lábẹ́ gíláàsì nínú ọkọ̀. Omi tó bá kọjá níbẹ̀ máa fa ìlà, ẹ ó sì tẹ̀lé ìlà náà padà sókè.

Ọ̀nà ọṣẹ: ẹ tan ọkọ̀, ẹ ti gbogbo fèrèsé, ẹ fi fáànù AC sí ibi tó lágbára jù, kó máa fa atẹ́gùn láti ìta, kì í ṣe èyí tó ń yí atẹ́gùn inú po. Ẹ fi kànìnkànìn gbé omi ọṣẹ sí etí gíláàsì àti ìdí iná bíréèkì níta. Ibi tó bá ń hó, atẹ́gùn ń gba ibẹ̀ jáde, omi náà sì lè gba ibẹ̀ wọlé. Àmọ́ bí ihò atẹ́gùn tó wà lẹ́yìn àga bá ń fẹ́, kò burú. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe é fún nìyẹn. Ẹ má dí i.

## Bí iná bíréèkì òkè bá ni

Èyí kò nílò mẹkáníìkì.

1. Ẹ pa ọkọ̀, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́. Bí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn, ẹ jẹ́ kí gílóòbù tutù.
2. Ẹ lẹ tépù pépà yí iná náà ká kí sukudíráfà má ha ọ̀dà ọkọ̀.
3. Ẹ tú sukúrù rẹ̀. Méjì ló sábà máa ń jẹ́, wọ́n sì hàn níta. Nínú àwọn ọkọ̀ mìíràn, nọ́ọ̀tì ló wà nínú, lẹ́yìn aṣọ òrùlé.
4. Bí ó bá lẹ̀, ẹ ki káàdì bọ abẹ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ rọra yí i ká. Ẹ má fi irin gbé e sókè lórí gíláàsì.
5. Ẹ yọ ṣọ́kẹ́ẹ̀tì wáyà, kẹ́ ẹ sì fi tépù lẹ wáyà náà mọ́ orí ọkọ̀. Bí ó bá yọ́ padà sínú ihò, ẹ ó ní láti tú aṣọ òrùlé kẹ́ ẹ tó tún rí i mú.
6. Ẹ wo fóòmù àtijọ́ dáadáa kẹ́ ẹ tó jù ú nù. Ibi tó bá dúdú, tàbí tí ìlà erùpẹ̀ kọjá lórí rẹ̀, ibẹ̀ lomi ń gbà. Ẹ wo ike iná náà pẹ̀lú. Bí ó bá ti sán, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun kò ní ràn án, ẹ ra iná mìíràn.
7. Ẹ ha gbogbo fóòmù kúrò lára páànù àti lára ike. Ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kó gbẹ, kẹ́ ẹ wá fi sípírítì nu ún. Ẹ má lo epo bẹntiróòlù, ọ̀rá rẹ̀ máa ń kù lára páànù, gọ́ọ̀mù kò sì ní lẹ̀.
8. Ẹ fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i. Bí butyl lẹ bá ń lò, ẹ fà á yí etí iná náà ká láìgé e, kẹ́ ẹ jẹ́ kí orí àti ìdí rẹ̀ gun ara wọn ní ìsàlẹ̀, kì í ṣe lókè. Ẹ yí díẹ̀ mọ́ ihò sukúrù kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú. Ihò yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé.
9. Ẹ da wáyà padà, kẹ́ ẹ tẹ bíréèkì wò kẹ́ ẹ tó dè é.
10. Ẹ de sukúrù ní ìdajì lápá kan, kẹ́ ẹ lọ sí apá kejì, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ dúró nígbà tí gásíkẹ́ẹ̀tì bá ti tẹ̀ dọ́gba yí ká. Bí ẹ bá dè é jù, ike á tẹ̀ láàárín, etí rẹ̀ á gbé sókè, omi á sì tún gba ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé dídè é gan-an ló ń dí omi. Rọ́bà ló ń dí omi o, sukúrù kàn ń dì í mú ni.

Butyl kò nílò kó gbẹ, ẹ lè da omi sí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

## Bí gíláàsì tó ń ṣí bá ni

Èyí yá. Ẹ ṣí gíláàsì náà, kẹ́ ẹ wo ojú irin tó ń gbà lọ gbà bọ̀ nísàlẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kó ìrẹsì, ẹ̀fọ́ tàbí pákó, ẹ ó bá èèpo, ewé àti ìyẹ̀fun pákó níbẹ̀ tó ti di ẹrẹ̀. Òjò á kún ojú irin náà, kò ní ríbi jáde, á wá ṣàn wọnú ọkọ̀.

- Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó gbá a, kẹ́ ẹ fi omi ọṣẹ ṣàn án.
- Ẹ wá àwọn ihò kéékèèké nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ fi wáyà rírọ̀ la wọ́n. Wáyà líle lè lu rọ́bà.
- Ẹ bu omi sójú irin náà. Omi gbọ́dọ̀ yọ níta láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀.
- Bí rọ́bà onírun tí gíláàsì ń rìn lórí rẹ̀ bá ti jẹ tán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ má fi sílíkóónì dí àwọn ihò náà. Mo ti rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ torí ó rò pé ibẹ̀ lomi ń gbà wọlé. Ọ̀nà àbájáde omi ló dí.

## Bí gíláàsì bá wà nínú rọ́bà

Bẹ́ẹ̀ ni ti ọ̀pọ̀ Hilux àtijọ́. Ẹ fọwọ́ kàn án: bí rọ́bà nípọn, tó rọ̀, tó sì gun orí gíláàsì àti orí páànù nínú àti níta, irú èyí ni.

Bí rọ́bà bá ṣì rọ̀, tí ibi tó ń jò kò ju ìka kan lọ, ẹ fi káàdì gbé ètè rẹ̀ sókè, ẹ nu abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú sípírítì, ẹ fún gọ́ọ̀mù dúdú ti wíńsíkírìnì sábẹ́ rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ nu èyí tó yọ.

Bí ó bá ti le bí igbá, tàbí tó ti là ní igun, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Èèyàn méjì ni iṣẹ́ yìí gbà.

1. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò. Gíláàsì ẹ̀yìn sábà máa ń jẹ́ èyí tí wọ́n fi iná sọ di líle: bí nǹkan bá lu etí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á túká wẹ́wẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.
2. Bí àwọn ìlà tín-ín-rín bá wà lára gíláàsì, tí wáyà sì so mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ yọ wáyà náà. Ẹ má fi abẹ fẹ́lẹ́ ha ojú àwọn ìlà yẹn, bí ẹ bá gé wọn, wọn ò ní gbóná mọ́.
3. Kí ẹnì kan rọra ti gíláàsì láti inú, ní igun òkè, kí ẹnì kejì gbà á níta. Ẹ gbé e lé orí aṣọ tó nípọn.
4. Ẹ fọ etí páànù, ẹ wá ìpẹtà. Bí ẹ bá rí i, ẹ lọ ka apá tó sọ̀rọ̀ ìpẹtà nísàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ̀ síwájú.
5. Ẹ fi rọ́bà tuntun yí gíláàsì ká. Ẹ wá okùn tó lágbára tó sì ń yọ̀, bí okùn ọ̀rá, kẹ́ ẹ kì í sínú ojú rọ́bà tó máa gun páànù, yí ká gbogbo rẹ̀, kí orí okùn méjèèjì pàdé, kí wọ́n sì gun ara wọn díẹ̀ ní àárín ìsàlẹ̀.
6. Ẹ fi omi ọṣẹ pa rọ́bà àti etí páànù. Ẹ má lo gírísì tàbí epo.
7. Ẹ gbé gíláàsì sójú àyè rẹ̀ láti ìta, kí orí okùn wà nínú ọkọ̀. Ẹni inú á máa fa okùn díẹ̀díẹ̀, ẹni ìta á máa fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ gíláàsì níbi tókùn dé gẹ́lẹ́. Bí okùn ṣe ń yọ, ètè rọ́bà á máa gun páànù.
8. Níbi igun, ẹ rọra ṣe. Ibẹ̀ ni gíláàsì sábà máa ń fọ́ sí. Bí ó bá ń le jù, ẹ fi ọṣẹ kún un, ẹ má fi ipá kún un.

## Bí wọ́n bá fi gọ́ọ̀mù lẹ gíláàsì mọ́ páànù

Níhìn-ín, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín: àfi bí ẹ bá ti ṣe é rí, ẹ gbé e fún oníwíńsíkírìnì. Àmọ́ ẹ dúró tì í. Bí ibi tó ṣí bá kéré, ó lè fún gọ́ọ̀mù sí i láti ìta lẹ́yìn tó bá ti fọ ibẹ̀ mọ́. Bí ó bá gùn, tàbí tí wọ́n ti fi sílíkóónì bà á jẹ́, ó sàn kó gé gíláàsì náà kúrò kó tún un lẹ̀.

Àwọn ohun tẹ́ ẹ máa fojú ṣọ́:

- Polyurethane ló gbọ́dọ̀ wà lára páálí gọ́ọ̀mù tó mú wá. Ẹ wo ọjọ́ tí yóò parí tí wọ́n kọ sí i.
- Ẹ rí i pé gbogbo sílíkóónì àtijọ́ kúrò. Polyurethane kì í lẹ̀ lórí sílíkóónì.
- Gọ́ọ̀mù polyurethane àtijọ́ tó ṣì lẹ̀ dáadáa kò yẹ kó ha á títí dé páànù. Kó gé e kù ní nǹkan bíi mìlímítà 1 sí 2, èyí tuntun á lẹ̀ mọ́ ọn.
- Kó fi praimà, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀, sí ibi tí páànù bá ti hàn.
- Kó fa gọ́ọ̀mù láìdáwọ́dúró, kó ga bí orí òrùlé ilé, kì í ṣe pẹlẹbẹ, kó sì gbé gíláàsì lé e kí ojú gọ́ọ̀mù tó gbẹ.
- Kó fi tépù di gíláàsì mú.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi fèrèsé ilẹ̀kùn kan sílẹ̀ díẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Bí gbogbo rẹ̀ bá wà ní títì, tẹ́ ẹ sì gbá ilẹ̀kùn, atẹ́gùn inú ọkọ̀ lè ti gíláàsì jáde kúrò lára gọ́ọ̀mù tí kò tíì mú. Iye wákàtí tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ dúró kẹ́ ẹ tó wa ọkọ̀ wà lára páálí gọ́ọ̀mù. Ẹ tẹ̀lé e, bí oníbàárà tilẹ̀ ń pè yín. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń mú kí irú gọ́ọ̀mù yìí le, nítorí náà ojú ọjọ́ ìlú wa kò bá a jà, àmọ́ omi kò gbọ́dọ̀ sí lójú páànù nígbà tí wọ́n bá ń fà á.

## Ìpẹtà

Ẹ má fi gọ́ọ̀mù bo ìpẹtà. Á máa jẹ páànù lọ lábẹ́ rẹ̀, gọ́ọ̀mù á bọ́ pẹ̀lú ìpẹtà tó lẹ̀ mọ́. Ẹ fi sáńpépà ha á títí irin á fi dán, ẹ nu ún, ẹ fi praimà tó ń dá ìpẹtà dúró sí i, ẹ kun ọ̀dà, kó gbẹ pátápátá. Bí ìka yín bá lè lu ibẹ̀ já, iṣẹ́ pánẹ́lì bítà ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé lẹ́bàá ọ̀sà, ní Ìjẹ̀dẹ̀ tàbí Ẹ̀bútẹ́, ẹ tètè yẹ ibẹ̀ wò, torí ọ̀rinrin kì í pẹ́ jẹ páànù tí ọ̀dà rẹ̀ ti bó.

## Ẹ gbẹ inú ọkọ̀

Kápẹ́ẹ̀tì lè gbẹ lójú kí fóòmù tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣì mu omi bíi kànìnkànìn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú orúnkún, ẹ ó rí omi.

1. Ẹ yọ àga. Súpánà 12 tàbí 14 ló sábà máa ń wọ̀ ọ́.
2. Bí ẹ bá rí ṣọ́kẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ yẹ́lò lábẹ́ àga, ti airbag ni, ìyẹn àpò atẹ́gùn tó ń wú jáde bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan. Ẹ yọ orí bátìrì, kẹ́ ẹ dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ má tan ọkọ̀ títí ẹ ó fi dá ṣọ́kẹ́ẹ̀tì náà padà.
3. Ẹ wá ìdérí rọ́bà róbótó nílẹ̀ ọkọ̀, ẹ yọ ọ́ kí omi ṣàn jáde. Ẹ rántí dá a padà.
4. Ẹ fọ kápẹ́ẹ̀tì tó ti bu pẹ̀lú ọṣẹ, kẹ́ ẹ sá a sóòrùn. Bí òòrùn kò bá sí, ẹ kọ fáànù sí i láti òru mọ́jú.
5. Ẹ wo gbogbo ṣọ́kẹ́ẹ̀tì wáyà tó wà nílẹ̀. Èyí tó bá ti yọ àwọ̀ ewé, ẹ pe rewáyà.

## Bí òjò bá ṣú, tẹ́ ẹ ò sì tíì tún un ṣe

Ẹ nu ibẹ̀ gbẹ, kẹ́ ẹ lẹ tépù fífẹ̀ mọ́ ọn bí wọ́n ṣe ń kan páànù ilé: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kí ti òkè máa gun orí ti ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá ní tapolíìnì, ẹ fi bo orí ọkọ̀ títí dé ibi ẹrù. Ẹ páàkì kí imú ọkọ̀ kọ sí ìsàlẹ̀.

Ẹ má fi sílíkóónì ti kápẹ́ńtà dì í "fún ìgbà díẹ̀". Èyí tó ń rùn bí ọtí kíkan máa ń jẹ irin, iṣẹ́ tòótọ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn á sì nira.

## Kẹ́ ẹ tó da kápẹ́ẹ̀tì padà

Ẹ tún fi họ́ọ̀sì ṣe àyẹ̀wò àkọ́kọ́ yẹn láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Fún iṣẹ́ gọ́ọ̀mù, ẹ dúró fún iye wákàtí tó wà lára páálí kẹ́ ẹ tó da omi. Lẹ́yìn náà, ẹ lẹ tíṣù tuntun sáwọn igun, kẹ́ ẹ máa wa ọkọ̀ láìtẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ gbé ẹrù, ẹ gba ojú ọ̀nà Itóìkín tàbí Ṣàgámù bí ẹ ṣe máa ń ṣe, kí ara ọkọ̀ lọ́ bó ṣe ń lọ́ lójoojúmọ́. Bí òjò ńlá méjì bá ti rọ̀, tí tíṣù igun àti ibi jáàkì sì gbẹ lẹ́yìn méjèèjì, ẹ da kápẹ́ẹ̀tì àti àga padà.